Búùtù Tí Mo Fi Ọ̀já Wọ̀n

Fẹlíṣíà ni orúkọ rẹ̀. Ó lé ní ogójì ọdún tí mo ti wà nínú ẹbí ọkọ mi tí orúkọ yẹn ò jáde lẹ́nu mi, nítorí ìyàwó kì í pe ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ lórúkọ. Lọ́sẹ̀ tí mo wọlé ọkọ ni wọ́n ní kí n fún un ní orúkọ àpèlé, bí ìyàwó tuntun ṣe máa ń ṣe. Mo wo ẹnu rẹ̀, mo sì pè é ní Eyínfúnjowó. Eyín rẹ̀ funfun lóòótọ́. Mi ò tíì mọ ohun tó wà lẹ́yìn eyín nígbà náà. Ní báyìí tí mo ti lé ní àádọ́rin ọdún, tí mo ní bírò àti ìwé, tí kò sì sẹ́ni tó lè ní kí n kúnlẹ̀ tọrọ àforíjì, mo kọ ọ́ sílẹ̀: Fẹlíṣíà.

Ohun tó ṣe fún mi kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún. Ilé ìwòsàn kan ní Àkúrẹ́ ni mo bí Mojísọ́lá sí, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún mi. Oǹdó ni ilé wa wà. Lọ́jọ́ tí wọ́n ní kí n máa lọ sílé, ọkọ mi bá mọ́tò Fẹlíṣíà wá gbé mi. Fẹlíṣíà fúnra rẹ̀ wà nínú mọ́tò náà, nítorí ó ti kọ́kọ́ yà sọ́jà lọ ra ọjà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mo gbé ọmọ jáde, mo rí páálí mílíìkì méjì tó jókòó lórí ìjókòó ẹ̀yìn bí àlejò pàtàkì. Fẹlíṣíà wò mí, ó wo ọmọ, ó ní, "Kò sáyè. Wá ọkọ̀ èrò wọ̀." Ọkọ mi jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà. Kò yí ọrùn padà.

Ọkọ̀ akẹ́rù tó kó pákó ni mo rí wọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ó sì bàjẹ́ ní Bọ́lọ́rundúró. Mo jókòó sórí òkúta lẹ́bàá ọ̀nà, ọmọ ọjọ́ mẹ́rin lọ́wọ́ mi. Ìyàwó àgbẹ̀ kan tó ń bọ̀ láti oko kòkó fún mi lómi mu. Lẹ́yìn náà ó tú ọ̀já aláró tó wà nídìí rẹ̀, ó fi di ọmọ mọ́ mi láyà, ó ní, "Má dá a padà. Ọ̀nà ṣì jìn." Mi ò mọ orúkọ rẹ̀ dòní. Ọ̀já náà wà lọ́wọ́ mi.

Ká ní ó parí síbẹ̀ ni, bóyá ǹ bá ti gbàgbé. Ṣùgbọ́n kí n tó dé Oǹdó, Fẹlíṣíà ti sọ fún gbogbo ilé pé èmi ni mo kọ̀ láti wọ mọ́tò. Ó ní mo sọ pé èmi tíṣà ò lè jókòó ti páálí. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń pè mí ní Kọmọ́tò. Níbi ìgbéyàwó, níbi òkú, níbi ìkómọ, bí mo bá ti yọ, ẹnìkan á ní, "Kọmọ́tò dé. Ẹ rọra o, kò ní wọ èyí náà." Wọ́n á rẹ́rìn-ín, èmi náà á fi eyín hàn. Tí mo bá ní kí ọkọ mi sọ òótọ́ fún wọn, á ní, "Jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀." Gbólóhùn kan péré ni mo fẹ́ látẹnu Fẹlíṣíà: kí ó sọ níwájú àwọn tó parọ́ fún pé irọ́ ni òun pa. Mo ti ń dúró dè é láti ọjọ́ náà.

Bí mo ṣe rí ìwé ìrìnnà gbà àti bí mo ṣe dé Mánṣẹ́sítà kì í ṣe ohun tí mo fẹ́ sọ. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ìyẹn, kó lọ bá àwọn tó fẹ́ràn ìtàn pápákọ̀ òfuurufú. Mojí ṣì wà nílé ẹ̀kọ́ girama nígbà náà, mo fi í sílẹ̀ fún bàbá rẹ̀.

Ọjọ́ kejì tí mo dé ibi iṣẹ́, ọmọbìnrin kan tí kò tíì pé ẹni ogún ọdún dáadáa, òun sì ni ọ̀gá wa, pe orúkọ mi gàdàgbà bí ẹni pé ó jẹ nínú oyin ìkómọ mi. Ní Oǹdó, ọ̀gá ilé ìwé pàápàá máa ń fi "Mà" kún un fún mi. Mo dúró, mo ń retí kó dùn mí. Kò dùn mí. Mo wá rí i pé nínú gbogbo ìlú yẹn, láti òpin kan dé ìkejì, kò sí ẹnì kan tó mọ̀ pé Kọmọ́tò ni mí. Lọ́jọ́ yẹn mo fi orin sẹ́nu fọ abọ́ ogójì èèyàn.

Kẹ̀kẹ́ ọmọ ló tún dẹ́rù bà mí. Mo rí ìyá ọlọ́mọ kan lójú títì nínú òtútù, tó ń ti ọmọ rẹ̀ síwájú bí ẹni ń ti ọmọlanke iṣu. Mo rò pé ọmọ náà ṣẹ̀ ẹ́ ni. Mo tẹ̀ lé e dé ibùdókọ̀ kí n lè mọ̀ bóyá ó máa gbé e mọ́ra. Kò gbé e. Ṣùgbọ́n nígbà tí bọ́ọ̀sì dé, dírẹ́bà rẹ ọkọ̀ sílẹ̀, àwọn èrò dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sún, kẹ̀kẹ́ sì wọlé bó ṣe wà pẹ̀lú táyà rẹ̀. Odidi bọ́ọ̀sì ló sún fún ọmọ tí kò tíì mọ orúkọ ara rẹ̀. Omi bọ́ lójú mi, mo sọ fún ara mi pé òtútù ni.

Ilé àwọn arúgbó ni mo ti ṣiṣẹ́, ọdún méjìdínlógún. Mo wẹ̀ wọ́n, mo fún wọn lóúnjẹ, mo gbé wọn láti orí bẹ́ẹ̀dì sórí àga onítáyà, mo sì gbé wọn láti orí àga sínú mọ́tò nígbà tí àwọn ọmọ wọn bá wá mú wọn jáde. Mo mọ àga yẹn ju bí mo ṣe mọ ìwé kíkà lọ. Ọwọ́ kan ni mo fi ń ká a. Kò sí arúgbó tó ṣubú lọ́wọ́ mi rí.

Bàbá kan wà níbẹ̀ tó ti fi ogbọ̀n ọdún kọ́ àwọn èèyàn ní mọ́tò wíwà kí ẹsẹ̀ tó dá a dúró. Nígbà tó gbọ́ pé mo fẹ́ kọ́ ọ, ó ní kí n gbé àwo ìjẹun wá. Àwo yẹn di sítíárìn. Tí mo bá fún un ní tíì tán, á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, á ní, "Wo ẹ̀yìn rẹ. Ta ló ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ?" Mo fẹ́ sọ fún un pé Fẹlíṣíà ni. Mo ṣe ìdánwò náà lẹ́ẹ̀mẹta, mo fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹlẹ́ẹ̀kẹrin, mo yege. Bàbá gba ìwé ẹ̀rí náà, ó gbé e sórí ẹsẹ̀ rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, ó ń fi í han gbogbo ẹni tó bá kọjá.

Mo ra mọ́tò kékeré pupa kan. Búùtù rẹ̀ kò gbà ju àpò ìrẹsì kan lọ. Lọ́jọ́ tí mo gbà á, òjò ń rọ̀, mo jókòó sínú rẹ̀ láìgbé e lọ síbì kan. Mo wo ìjókòó ẹ̀yìn, mo ní, "Àyè wà o." Mo tún sọ ọ́. Ẹni tó bá rí mi á rò pé orí mi ti yí.

Sátidé ni mo máa ń fóònù sílé. Ọkọ mi á gbé e, a ò sì ní tíì kí ara wa tán tí Fẹlíṣíà á fi já fóònù gbà.

"Ìyàwó, ṣé òtútù ò tíì pa ọ́?"

"Kò tíì pa mí, mà."

"Ó dáa. Má gbàgbé bàtà mi. Èyí tó ní gìgísẹ̀ díẹ̀, tó ń dán. O mọ nọ́ńbà ẹsẹ̀ mi."

Mo mọ nọ́ńbà ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo wá èyí tó dán jù ní gbogbo Mánṣẹ́sítà, mo sì ra èyí tó fi nọ́ńbà kan dín. Nígbà tí mo gbọ́ pé ó wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, tó sì fi ọwọ́ gbé e bọ̀, mo fi oúnjẹ dídùn jẹ ara mi níyà. Ọlọ́run mọ̀ pé mi ò tíì ronú pìwà dà nínú ìyẹn.

Ọdún kẹsàn-án tí mo ti wà lọ́hùn-ún ni ọkọ mi kú. Mo wá sin ín. Mojí bá mi padà lọ, ó kàwé, ó ríṣẹ́, ó lọ́kọ. Ní ibẹ̀, wọ́n máa ń bi mí pé níbo ni mo ti wá. Tí mo bá dé Oǹdó, wọ́n á bi mí pé ọjọ́ wo ni mò ń padà. Mo rò ó títí nígbà kan, pé níbo gan-an ni tèmi. Mi ò rí ìdáhùn nínú ìwé kankan. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ibi tí èèyàn ti lè ní ilé ni ibi tí wọ́n bá ti sún fún un kó lè jókòó. Àwọn òyìnbó inú bọ́ọ̀sì yẹn kò mọ̀ mí, wọ́n sún. Ìyàwó àgbẹ̀ ní Bọ́lọ́rundúró náà kò mọ̀ mí, ó tú ọ̀já ìdí rẹ̀ fún mi. Ẹbí ọkọ mi nìkan ni kò tíì sún.

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, mo padà wálé, mo kọ́ ilé kékeré sí Ọ̀bà-Ilé lẹ́bàá Àkúrẹ́. Ọdún kẹta lẹ́yìn ìyẹn ni Mojí bímọ, obìnrin, Iníolúwa. Mo padà sí Mánṣẹ́sítà lọ tọ́jú wọn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Yìnyín ń bọ́, a ò gbé ọmọ jáde rárá. Kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dúró sí ẹnu ọ̀nà bí ẹṣin tí wọ́n dì ní gàárì, èmi ní tèmi pọ̀n ọmọ mi kiri inú ilé.

Ibẹ̀ ni mo wà tí olórí ẹbí fi fóònù láti Oǹdó. Ó ní tí Mojí bá ti wálé pẹ̀lú ọmọ, kí á gbé e wá kí àwọn àgbà gbàdúrà fún un. Fẹlíṣíà ni àgbà jù lọ nínú ẹbí báyìí, ẹnu rẹ̀ ni àdúrà ti máa bẹ̀rẹ̀. Àkúrẹ́ ló ń gbé lọ́dọ̀ Délé ọmọ rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́, orí àga onítáyà ló wà. "Ìyàwó, mọ́tò tó bá gbé ọmọ wá láti Àkúrẹ́, kó kúkú gbé wọn pọ̀."

Mo ní ó dáa. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo rẹ́rìn-ín títí Mojí fi wá wò mí. Lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyí, Ọlọ́run ti gbé Fẹlíṣíà wá sẹ́nu ọ̀nà mọ́tò mi.

Èrò mi lọ báyìí: màá ra mọ́tò tí búùtù rẹ̀ gba kẹ̀kẹ́ ọmọ, kó gbà á rẹ́gí, kí ohunkóhun má ṣẹ́kù. Ìjókòó á wà fún Fẹlíṣíà, ṣùgbọ́n àga rẹ̀ ò ní ríbi wọ̀, kò sì lè lọ láìsí àga. Níwájú ọmọ rẹ̀ àti àwọn ará àdúgbò rẹ̀, màá wá sọ ọ̀rọ̀ méjì péré: Kò sáyè.

Mo mú ọ̀já aláró yẹn jáde, mo bẹ̀rẹ̀ sí wọn kẹ̀kẹ́. Mo so kókó kan níbi tí gígùn rẹ̀ parí, mo so èkejì fún ìbú, ẹ̀kẹta fún gíga.

Mojí ní, "Màámi, tépù wà nínú dúróà."

"Tépù ò mọ ibi tí mò ń lọ."

Nígbà tí mo dé Àkúrẹ́, ibi mẹ́ta ni mo lọ tí wọ́n ti ń ta mọ́tò tòkúnbọ̀. Ọkùnrin tó wà níbi àkọ́kọ́ rí ọ̀já lọ́wọ́ mi.

"Màmá, ẹ kú ọjọ́ o. Ṣé ọmọ lẹ fẹ́ pọ̀n ni, àbí mọ́tò lẹ fẹ́ rà?"

"Méjèèjì. Ṣí búùtù."

Ó bá mi di orí ọ̀já kan mú. A wọn mẹ́rin. Ní ẹ̀karùn-ún, inú rẹ̀ dùn. "Èyí gbà á, Màmá, ó tún ṣẹ́kù. Ẹ lè kó ogún iṣu sí i."

"Mi ò fẹ́ kó ṣẹ́kù."

"Ẹ̀n?"

"Kókó sí kókó ni mo fẹ́."

Ó wo ẹnìkejì rẹ̀ tó jókòó lábẹ́ igi. "Látọjọ́ tí mo ti ń ta mọ́tò, ẹ̀yin ni ẹni àkọ́kọ́ tí búùtù ń tóbi jù fún."

"Bóyá gbogbo ẹni tó ń wá ni kò mọ ohun tó fẹ́."

"Bóyá wọn ò bínú sí ẹrù wọn ni, mà."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi díẹ̀, mo sì fi ibẹ̀ sílẹ̀. Ibi kẹta ni mo ti rí i: mọ́tò gígùn aláwọ̀ eérú, tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ ń ṣí sókè. Mo na ọ̀já. Kókó gígùn kan ẹ̀yìn ìjókòó, kókó ìbú kan ògiri, kókó gíga kan òrùlé. Ká ní wọ́n rán an fún mi ni, kò lè bá mu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo wà á lọ sí Ọ̀bà-Ilé lọ́jọ́ yẹn pẹ̀lú gíláàsì ṣíṣí sílẹ̀, mò ń kọrin, àwọn ọlọ́kadà ń wo ìyá arúgbó.

Iníolúwa ti pé oṣù márùn-ún nígbà tí Mojí gbé e dé. Ọmọ tó máa ń rẹ́rìn-ín sí ògiri ni. Ní àárọ̀ Sátidé tí a fẹ́ lọ Oǹdó, mo ṣí búùtù gbàgà, mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ẹni fẹ́ ya fọ́tò. Mojí ti kẹ̀kẹ́ jáde. Ó fi ẹsẹ̀ tẹ nǹkan kan nísàlẹ̀, ó fa nǹkan kan lókè, kẹ̀kẹ́ tí mo fi odidi ìrọ̀lẹ́ kan wọ̀n sì wó pọ̀ bí agbòòrùn. Ó fi ọwọ́ kan tì í sí kọ̀rọ̀ búùtù.

"Mojí, kí lo ṣe fún un?"

"Mo ká a ni, Màámi."

"Ó ń ká?"

"Kí lẹ rò pé à ń ṣe tí a bá wọ takisí?" Ó wo inú búùtù, ó wò mí, ó rántí ọ̀já. "Màámi. Ẹ má sọ fún mi pé ní ṣíṣí lẹ wọ̀n ọ́n."

Kò dúró kí n dáhùn. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi ń bọ́, ọmọ rẹ̀ rí i, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo fi ọdún méjìdínlógún ká àga àwọn arúgbó, kò wá sí mi lọ́kàn pé kẹ̀kẹ́ ọmọ lè ká. Àwa kì í ká ọmọ tiwa. A ń pọ̀n ọ́n ni.

A dé ilé Délé ní àdúgbò Ìjọ̀kà. Fẹlíṣíà wà níta, lórí àga rẹ̀, léèsì lọ́rùn, àpò lórí ẹsẹ̀. Ìyàwó Délé sọ fún mi wẹ́lẹ́ pé aago mẹ́fà ló ti múra, ó ní kí wọ́n gbé òun síta kí mọ́tò má baà fi òun sílẹ̀. Ó ti rù. Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Bàtà dídán yẹn ló wọ̀. Ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ mu báyìí.

"Ẹ káàárọ̀, mà."

"Ìyàwó." Kò wo ojú mi. Búùtù ló ń wò.

Délé ti àga dé ẹ̀yìn mọ́tò. "Mọ́mì Mojí, ṣé àyè máa wà fún àga yìí?"

Aládùúgbò méjì ti yọrí lójú fèrèsé. Ọ̀rọ̀ méjì náà wà lórí ahọ́n mi, mo ti pọ́n wọn tipẹ́. Mo gbé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sókè. Kẹ̀kẹ́ Iníolúwa sùn sí kọ̀rọ̀ bí ewé tó já. Ìyókù ṣófo yàwàlà. Odidi màlúù lè dùbúlẹ̀ síbẹ̀.

Mo ti jẹ́ tíṣà. Mo ti dúró níwájú àwọn ọmọ ìwé kọ́ wọn pé ohun tó wà ni kí wọ́n sọ pé ó wà. Mi ò lè dúró síwájú irú ihò báyìí kí n ní kò sáyè. Ẹni tó lè ṣe ìyẹn wà lórí àga níbẹ̀.

Mo ní, "Àyè wà."

Délé bẹ̀rẹ̀ sí bá àga jà. Ó tẹ ibí, ó fa ọ̀hún. Mo ní kó yàgò. Ṣùgbọ́n a ní láti kọ́kọ́ gbé ìyá rẹ̀ kúrò lórí rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ síwájú Fẹlíṣíà, mo fi apá gba abẹ́ apá rẹ̀ kọjá.

"Ẹ di ọrùn mi mú, mà. Ẹ má gbé ara yín. Ẹ jẹ́ kí èmi gbé e."

"Ṣé o lè gbé mi?"

"Mo ti gbé èyí tó wúwo jù yín lọ."

Ó fúyẹ́ lọ́wọ́ mi bí ẹyẹ. Òórùn àdí àti ìpara ẹsẹ̀ wà lára rẹ̀. Mo gbé e sórí ìjókòó ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Iníolúwa, ní irú ibi tí páálí mílíìkì jókòó sí lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn náà mo fi ọwọ́ kan fa àárín àga sókè, ó di pẹlẹbẹ, mo tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́ ọmọ. Ìyàwó Délé pàtẹ́wọ́. Mojí ń wò mí, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Èmi ni mo wa mọ́tò. Nínú díńgí mo rí i pé Iníolúwa ti di ìka Fẹlíṣíà kan mú, kò sì jẹ́ kó lọ. Nígbà tí a dé Bọ́lọ́rundúró, mo dẹwọ́ eré, bí mo ṣe máa ń ṣe. Òkúta yẹn ti lọ, wọ́n ti kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀.

Fẹlíṣíà ní, "Ṣé ibí ni ọkọ̀ ti bàjẹ́?"

Mi ò mọ̀ pé ó gbọ́ nípa rẹ̀ rí. "Ibí ni, mà."

Ó yí ọrùn padà, ó ń wo ibẹ̀ títí a fi kọjá.

Àwọn ẹbí ti kún iwájú ilé ní Oǹdó. Bí mo ṣe sọ̀kalẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ dírẹ́bà, àbúrò ọkọ mi tí mo fún ní orúkọ Akọ̀wé na ọwọ́ sókè. "Ẹ wá wò ó. Kọmọ́tò ti di ọlọ́mọ́tò."

Ẹ̀rín sọ. Mo fi eyín hàn, bí mo ṣe máa ń ṣe. Mo ṣí búùtù, mo gbé àga jáde, mo tú u, mo gbé Fẹlíṣíà sórí rẹ̀. Mojí gbé ọmọ lé e lẹ́sẹ̀. Wọ́n yí i ká, wọ́n ṣí orí, wọ́n ń retí àdúrà. Fẹlíṣíà gbé ọwọ́ sórí ọmọ, lẹ́yìn náà ó gbé ọwọ́ náà kúrò. Ó wo Akọ̀wé títí ẹ̀rín fi tán lẹ́nu rẹ̀. Ó yí ojú sí mi, ó sì sọ ọ́ sókè, kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè gbọ́:

"Ìyàwó, àyè wà nínú mọ́tò mi lọ́jọ́ náà."